Ta Ni Yóò Bá Mi Ki Àjàní?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí n kò lè pariwo rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ọkùnrin kan yóò kan ilẹ̀kùn ilé wa ní Ṣómólú. Ìyá mi ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un, nítorí òun ló máa ń ṣí i. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é láti ọjọ́ tí àìsàn ti dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Bí ó bá sì ti ṣí i, ojú bàbá mi ni yóò rí lọ́rùn àlejò tí kò mọ̀ rí. Etí ńlá méjèèjì, eyín tó là láàárín, bí ó ti máa ń fọwọ́ kan mú ìbàdí bí ẹni tí ọ̀ràn ayé kò kàn, gbogbo rẹ̀ pátá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ta ni yóò wá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún ìyá mi? Èmi àti bàbá mi nìkan la mọ̀ nínú ilé yìí irú àlejò tó ń bọ̀, àwa nìkan la sì mọ ohun tí ó ń bọ̀ wá gbà. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ilẹ̀. Ohun tí ó ń bọ̀ wá gbà kò sí lọ́wọ́ bàbá mi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Gáná ni wọ́n bí i sí. Bàbá tirẹ̀ ni ó fẹsẹ̀ rìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé etíkun Gáná, ẹrù aṣọ lórí rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì wọ́pọ̀. Ìtàn ilé wa sọ pé àwọn tí wọ́n jọ rìn ṣìnà sínú igbó, òun nìkan ni kò ṣìnà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kì í, tí wọ́n sì ń ki gbogbo ọmọ rẹ̀, pé "ọmọ agbẹ́rù-aṣọ-má-ṣìnà." Ẹ kò lè gbọ́ ọ nílé mìíràn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an kò mọ̀ ọ́n, àfi àwa. Ní ọdún tí ìjọba Gáná ní kí àwọn àjèjì máa lọ sílé wọn, bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì wà lára àwọn tó gbé àpótí kan ṣoṣo sá wálé. Kò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ojú ń tì í láti padà sí ìlú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Èkó ló dúró sí. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ó gba òmìnira, ó sì ra ẹ̀rọ kan tó gbó ju òun gan-an lọ.

Ṣómólú yìí ló ti rí ìyá mi. Ọmọ Bàrígà ni ìyá mi, ọmọ onílẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí. Ẹ mọ̀ pé irú wọn kì í fi ọmọ fún ẹni tí wọn kò mọ ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, bàbá ìyá mi bi bàbá mi níwájú gbogbo ẹbí pé, "Ìwọ ọmọ Gáná, ṣé o kò fi aya tàbí ọmọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún?" Bàbá mi gbé Bíbélì rẹ̀ sókè, ó ní òun kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìyá mi ti sọ ìtàn yìí fún wa láìmọye ìgbà, ẹ̀rín ló sì fi máa ń sọ ọ́. Ó ní Bíbélì yẹn ló wọ òun lójú, pé àwọn ọkùnrin tó kù tí wọ́n wá tọrọ òun kò mú nǹkan kan dání ju ẹnu dídùn lọ.

Ẹ kò tíì rí obìnrin tó mọ oríkì ilé ọkọ bí ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan, tí kò bá wọn lọ sí Gáná, wá gbé lọ́dọ̀ wa fún ọdún kan. Ìyá mi jókòó tì í, ó ń bá a ṣa ẹ̀wà, ó ń gba oríkì sórí, láti orí àwọn tó ti kú títí dé orí àwa ọmọ. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan omi, yóò kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá: "Àkànní, ọmọ agbẹ́rù-aṣọ-má-ṣìnà, ṣé dáadáa lẹ jí?" Bàbá mi á wá máa yan bí ẹni pé òun nìkan ló ni Ṣómólú. Lẹ́yìn náà ni yóò kan èmi Àbẹ̀kẹ́, kí ó tó kan àbúrò mi, Àlàó. Bí a bá jẹ̀bi, kò kúkú ní ki wa lọ́jọ́ náà, àwa náà á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ nílé wa tí ìyá mi kò mọ oríkì rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, inú gbogbo òǹtẹ̀wé Ṣómólú dùn, nítorí pé olóṣèlú kì í dupò láìlẹ pósítà. Ẹ̀rọ bàbá mi kì í sinmi. Èmi náà ti wọ yunifásítì, ṣùgbọ́n bí a bá kàwé díẹ̀, àwọn olùkọ́ á daṣẹ́ sílẹ̀, n óò sì padà wálé wá bá ìyá mi ká ìwé, kí n máa to káàdì ìgbéyàwó àwọn ẹgbẹ́ mi. Nígbà tó sú bàbá mi, ó ní kí n lọ sí Gáná, pé ìwé tiwọn kì í dúró. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kùmásì gbà mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Àbẹ̀kẹ́, Kùmásì ni mo rán ọ lọ o. Ìwé ni kí o kà. Má wulẹ̀ máa káàkiri etí òkun, omi ibẹ̀ kò dára." Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí ìyá mi máa ń rán lọ ra ẹja ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Bàrígà, láti kékeré, ṣé èmi ni wọn yóò fi omi dẹ́rù bà? Kí ni mo mọ̀ nígbà náà?

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní kíláàsì wa ní Kùmásì, Ẹfúà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Fàǹtí, ẹ̀yà etí òkun Gáná, ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Sẹ́kọ́ńdì, ìlú apẹja kan létí òkun. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò tán, Ẹfúà ní kí a lọ fi afẹ́fẹ́ òkun tu ara wa lára. Ìkìlọ̀ bàbá mi wá sí mi lọ́kàn, mo fọwọ́ gbá a dànù. Kéèpù Kóòsì la kọ́kọ́ dé. A wọ ilé olódi ńlá tí àwọn òyìnbó ń kó ẹrú sí láyé àtijọ́. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri fi ilẹ̀kùn kékeré kan tó kọjú sí òkun hàn wá, ó ní ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ jáde kì í padà mọ́. Àwọn tó kù ń sunkún nítorí àwọn tó lọ. Èmi, àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé ni mo ń rò. Ìyá tí kò rí ọmọ rẹ̀ mọ́, ta ni yóò sọ fún un bóyá ó gúnlẹ̀ síbì kan tàbí kò gúnlẹ̀? Mo sọ ọ́ fún Ẹfúà, ó ní ebi ló ń pa mí, kí n jẹ́ kí a lọ jẹ kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, àti ẹja. Lọ́jọ́ kejì a gba Ẹlímínà kọjá, a wo àwọn ọkọ̀ apẹja tí wọ́n fi oríṣiríṣi ọ̀dà kùn, mo ń ya fọ́tò bí aláìlérò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la wọ Sẹ́kọ́ńdì, a sì sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá Ẹfúà.

Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́. Mo jókòó lẹ́yìnkùlé, mo ń fọ eyín. Nílé kejì, obìnrin àgbà kan ń to ẹja sórí ààrò, èéfín gba gbogbo ibẹ̀. Ọkùnrin kan jáde láti inú ilé náà, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó ń lọ síbi iṣẹ́, nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń sinmi, wọn kì í fi ọjọ́ Àìkú ṣe é. Obìnrin náà fọwọ́ lé èéfín kúrò lójú, ó kọjú sí i, ó sì ní, "Àjàní, ọmọ agbẹ́rù-aṣọ-má-ṣìnà."

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Kì í ṣe pé ó sọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé wa ni, kò sí àní-àní níbẹ̀. Búrọ́ṣì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbójú sókè wo ọkùnrin náà, bàbá mi ni mo rí tó dúró síbẹ̀, tó kéré lọ́jọ́ orí, tó fọwọ́ kan mú ìbàdí. N kò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ṣáà bá ara mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, ìfófòó ọṣẹ ìfọyín ṣì wà lẹ́nu mi, mo ń bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, Ẹfúà ló sáré wá ṣe ògbufọ̀.

Ẹ̀sí ni orúkọ obìnrin náà. Ó ní bàbá ọmọ òun ló kọ́ òun, pé Àlátà ni. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ó ní ọmọ ọwọ́ ni ọmọ náà nígbà tí wọ́n lé àwọn àjèjì. Ẹbí òun kò jẹ́ kí òun bá ọkùnrin náà lọ sí ìlú tí wọn kò mọ̀, ọkùnrin náà sì ní òun ń lọ wá ibi tí àwọn yóò máa gbé ni, òun ń padà bọ̀ wá mú àwọn. Ó ní kí òun má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́ láìki ọmọ náà, nítorí ọmọ tí wọn kò bá kì, orí rẹ̀ yóò gbàgbé ọ̀nà ilé. "Mo ṣe é," ni Ẹfúà ń túmọ̀ fún mi, omi ti ń bọ́ lójú òun náà. "N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo fò."

Lẹ́yìn náà ó wò mí lójú títí. Bóyá ó rí nǹkan níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tí ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ lé mi léjìká, ó sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò kúrò létí mi títí di òní. Ó ní, "Ṣé ó délé?"

Ẹ gbọ́ ná. Obìnrin yìí kò béèrè pé kí ló dé tí kò padà. Kò béèrè irú ìyàwó tó fẹ́. Láti ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà kú sójú ọ̀nà, nítorí pé àwọn kan kú sójú ọ̀nà lọ́dún náà. Mo ní, "Wọ́n délé, Mà. Bàbá mi ni." Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń yin Ọlọ́run, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀. Àjàní kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó sọ àpò irinṣẹ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ó wá délé. Ó délé, kò sì padà." Títí di ìṣẹ́jú yẹn, ó ti lè máa rò pé òkú ni bàbá òun. Èmi ni mo jí òkú náà dìde tó wá di ọ̀dàlẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ojú tì mí fún ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò dá.

Síbẹ̀ òun ló sìn mí lọ sí ibùdókọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe fún àwọn apẹja, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó ní ìyàwó, ó bímọ, kò ṣe aláìní. Ó ní, "Sọ fún un pé n kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Láti kékeré ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń fi Àlátà bú mi, títí ó fi di orúkọ fún mi. Mo kàn fẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pè mí bí ìyá mi ṣe ń pè mí, lẹ́ẹ̀kan péré, kí n gbọ́ bí ó ṣe yẹ kó rí." Mo ní èmi lè pè é fún un, kódà níbi tí a dúró sí yẹn. Ó mi orí. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo sọ mí lórúkọ."

Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, ìdí ẹ̀rọ ni mo ti bá bàbá mi sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu ní láti wọ inú etí kí ènìyàn tó gbọ́ra. Ibẹ̀ ni mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn, nítorí ìyá mi wà ní yàrá kejì tó ń ká ìwé. Mo ní, "Bàbá, mo dé Sẹ́kọ́ńdì. Àǹtí Ẹ̀sí ní kí n kí yín. Àjàní náà ní kí n kí yín." Ó pa ẹ̀rọ. Gbogbo ilé dákẹ́ tóbẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi ké láti yàrá pé, "Àkànní, ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni?" Bàbá mi ní, "Rárá o, ìwé ló há." Ó tún ta ẹ̀rọ sí i, ó sì fi ariwo rẹ̀ bojú. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ó ṣì ń kì í?" Mo ní láràárọ̀ ni, mo sì jẹ́ iṣẹ́ Àjàní fún un, pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ki òun lẹ́ẹ̀kan péré. Bàbá mi sunkún. Àkísà tó fi ń nu yíńkì ló fi nu ojú, yíńkì sì gba gbogbo ojú rẹ̀ kan.

Ó ní òun fẹ́ padà. Ó ní ọdún kìíní kò sówó, ọdún kejì ojú ń tì òun láti lọ lọ́wọ́ òfo, nígbà tó di ọdún kẹta òun ti rí ìyá mi. "Mo ti fi Bíbélì sẹ́ wọn, Àbẹ̀kẹ́. Mo mọ ibi tí mo gbà wọlé, n kò mọ ibi tí n óò gbà jáde." Ó wá bẹ̀ mí pé kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun, pé ẹnu ara òun ni òun yóò fi sọ ọ́ fún ìyá mi, kí ó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Mo gbà. Ta ni kò ní gbà? Ọmọ kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Inú bí mi sí i gidigidi, mo sì tún fẹ́ràn rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ni ènìyàn ń fi méjèèjì ṣe nínú ọkàn kan ṣoṣo?

Mo parí ìwé, mo padà sí Ṣómólú. Fóònù alágbèéká ti wọ̀lú nígbà náà, Àjàní náà ti ra tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ìyá mi lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Bàrígà, mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀, mo gbé fóònù sétí bàbá mi. Mo ń gbọ́ Àjàní lọ́hùn-ún: "Hẹ́lò? Pàpá? Hẹ́lò?" Bàbá mi la ẹnu. Ó wá da fóònù padà sí mi lọ́wọ́. "Ọ̀la," ló wí. Ọ̀la yẹn la ń bá bọ̀. Ọ̀la lẹ́yìn Kérésìmesì, ọ̀la lẹ́yìn Àjíǹde, ọ̀la lẹ́yìn ìdìbò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ń fi ọjọ́ kan ṣoṣo náà falẹ̀ fún òtítọ́.

Ìdìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì dé, pósítà pọ̀ bí òjò. Bàbá mi tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún dúró ti ẹ̀rọ bí ọmọ ogún ọdún, a bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Wọ́n dìbò tán, ẹni tó wọlé wọlé, ẹni tó já já, bàbá mi sì ṣubú sídìí ẹ̀rọ. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣeé gbé mọ́, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohùn sì lọ. Dókítà ní ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ, àmọ́ kò lè dáhùn. Síbẹ̀ ìyá mi kò dẹ́kun. Láràárọ̀ ni ó ń kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì: "Àkànní, ọmọ agbẹ́rù-aṣọ-má-ṣìnà, ṣé dáadáa lẹ jí?" Yóò dúró díẹ̀ fún èsì, yóò sì fi ọwọ́ tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, obìnrin tó wà nídìí ààrò ní Sẹ́kọ́ńdì á yọ sí mi lọ́kàn. Obìnrin méjì, ìlú méjì létí omi, wọ́n ń fi oríkì kan náà jí ilé, èkíní kò sì mọ̀ pé èkejì wà láyé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Àjàní pè mí. Mo sọ fún un pé ara bàbá kò yá. N kò sọ fún un pé ohùn ti lọ, ẹnu mi kò gbà á. Ó ní, "Ó dáa, mo ń bọ̀ kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́. Sátidé ni n óò dé. Ìyá mi ń yan ẹja tí n óò gbé bọ̀ wá fún ìyá yín." Ẹja! Mo lọ dúró sétí ọ̀sà ní Ìlàjẹ lọ́jọ́ náà, mo ń wo àwọn obìnrin tí wọ́n ń tú ẹja sílẹ̀ nínú ọkọ̀, n kò rí nǹkan kan rò.

Ní àná, ìyá mi lọ pọn omi tí yóò fi nu bàbá mi lára. Mo rò pé yóò pẹ́. Mo fẹnu sí bàbá mi létí gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a wà nídìí ẹ̀rọ, mo ní, "Bàbá, Àjàní ń bọ̀. Àjàní, ọmọ agbẹ́rù-aṣọ-má-ṣìnà, ń bọ̀ ní Sátidé." Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbá mi lọ́wọ́ mú, omi sì ń dà lójú rẹ̀ wọ inú etí. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ omi dání.

"Ta ni Àjàní?"

Ó gbé abọ́ kalẹ̀. Kò pariwo, ohùn tó fi ń ka iye káàdì tó ti tò ló fi sọ ọ́. "Àrẹ̀mú ni bàbá wọn tó ru aṣọ. Àkànní nìyí tó sùn yìí. Àlàó ni àbúrò rẹ. Mo ti ki òkú ilé yìí, mo ti ki alààyè wọn. N kò ki Àjàní rí. Àbẹ̀kẹ́, ta ni Àjàní?" Mo ní, "Mà," ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu mi. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ bàbá mi tó di tèmi mú. Ó rẹ aṣọ sínú omi, ó fún un, ó sì nu omijé ojú ọkọ rẹ̀ nù. Láti ìgbà náà kò tún béèrè mọ́. Láàárọ̀ òní, ó ki bàbá mi bí ó ti ń ṣe. Ó kọjú sí mi, ó ní kí n lọ gbé tíì kaná. Kò kì mí.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ohun tí ẹ bá mọ̀ pé ẹnu yín ló yẹ kó sọ, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹnu ṣì jẹ́ tiyín. Ẹni tó bá ní ọ̀la ni òun yóò sọ̀rọ̀, ṣé òun ló ni ọ̀la? Ìkìlọ̀ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni èmi alára ń wá. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá mi kí Sátidé tó dé. Mo ti pinnu ìyẹn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n èyí ti fọ́ láti ọdún tí wọn kò tíì bí mi. Èyí tó kù ni kò yé mi. Ọkùnrin yẹn ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, nítorí kí ó lè gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n pè, ẹnu tó sì ń wá ti dákẹ́. Èmi, ìlà kan ni mo mọ̀. Nínú gbogbo ilé wa, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó mọ gbogbo rẹ̀ dé ìparí, tí ohùn rẹ̀ sì mọ ibi tó yẹ kó gòkè àti ibi tó yẹ kó sọ̀. Ìyá mi ni. Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé mo lẹ́nu láti bẹ̀ ẹ́, obìnrin tí wọ́n gbé Bíbélì sókè parọ́ fún, pé nígbà tó bá ṣílẹ̀kùn, tó rí ojú ọkọ rẹ̀ lọ́rùn ọmọ tí wọ́n fi Bíbélì náà sẹ́, kí ó jọ̀wọ́, kí ó ki Àjàní wọlé?